Ohùn Tí Kò Dé Ilé

Elétí Ehoro ń fa bọ́tìnnì kẹrin lára ẹ̀rọ ohùn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn kí ọmọ tó ń sùn má baà jí. Ohùn Bàbá Oníbàtà rọlẹ̀, ó tín-ín-rín, ó parẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Ó mí kanlẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, bàbá náà ṣì ń kọrin. Àwọn tó jókòó nítòsí ń gbọ́ ọ láìsí máìkì. Inú ẹ̀rọ nìkan ni kò sí mọ́.

Ọmọdébìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni Elétí Ehoro. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn akọrin ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí àṣìṣe orin tí etí rẹ̀ kì í mú. Orin tó yá ló fẹ́. Orin inú ìwé, tó ń wọ́ bí ìgbín, ìyà ni lójú rẹ̀. Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta, ló sì máa ń lé irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù á ti dé ìlà kejì, bàbá á ṣì wà ní ìlà kìn-ín-ní, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n bí páànù tí atẹ́gùn ń jà.

Lọ́jọ́ mìíràn, ìbá mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìgbohùnsílẹ̀ kan fẹ́ gba ọmọ mẹ́fà péré. Wọ́n ní kí oníkálukú fi ìsìn kan tó gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀la ni ọjọ́ tó kẹ́yìn.

"Ta ni yóò mọ̀?" ó bi ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó.

Orin parí. Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ ti bọ́tìnnì náà padà sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ìwé kan lára ògiri. Orúkọ ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà ń gbé ìsìn lọ bá lórí fóònù. Ìyàwó Bàbá Oníbàtà ni àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kán, orí ibùsùn ló wà. Oṣù tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ dákú sórí iṣẹ́.

Elétí Ehoro ti bọ́tìnnì náà sókè kíá. "Kò ní ṣe nǹkan kan," ó wí. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí ilé Bàbá Oníbàtà já wọlé.

"Bàbá Oníbàtà dà? Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà níwájú yẹn," Elétí Ehoro dáhùn.

"Háà! Ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú. Ó ní òun gbọ́ ohùn gbogbo ènìyàn àfi ti ọkọ òun. Ó pe fóònù rẹ̀ títí, pípa ló wà. Ló bá ní òun ń bọ̀ wá wò ó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gbé e. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá a, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀."

Wọ́n sáré mú bàbá jáde. Ọ̀gá akọrin wá sídìí ẹ̀rọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Elétí Ehoro wo bọ́tìnnì kẹrin.

"Ẹ̀rọ játijàti yìí náà ni," ọ̀gá fúnra rẹ̀ dáhùn. "Mo ti ní kí wọ́n ra òmíràn. Má dá ara rẹ lẹ́bi, ọmọ mi."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án, oúnjẹ kò lọ. Ó gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Ó mọ́ gaara. Kò tíì gba èyí tó dára tó o rí. Bí fóònù ìyá rẹ̀ bá dún, àyà rẹ̀ á já.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ara mi yá, Màmá."

Ó dìde, ó lọ sílé Bàbá Oníbàtà.

Yàrá náà ń rùn fún awọ àti gọ́ọ̀mù. Ìyá náà, ìyàwó Bàbá Oníbàtà, dùbúlẹ̀, aṣọ funfun wà lórí egbò rẹ̀. Bàbá jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Elétí Ehoro, wọlé. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ yẹn ṣe?"

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, Bàbá. Èmi ni mo pa ohùn yín. Ó ń ba orin jẹ́ létí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. 

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ di egbò rẹ̀ mú. "Ohùn rẹ̀ ò dáa lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń sọ fún un. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa sàn jù ú lọ."

"Ìwọ ńkọ́?" ni bàbá wí.

"Èmi mọ̀ pé n ò lè kọrin, mo sì gbẹ́nu mi dákẹ́." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ó wù mí, kò wù ọ́, ni kì í jẹ́ ká pawó pọ̀ fẹ́yàwó. Orin tó wù ọ́, máa kọ ọ́. Àmọ́ ṣé ìwọ ni bàbá yìí ń kọrin fún?"

"Rárá, Màmá."

"Nígbà tó dákú, tó sì lajú, orin yẹn ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọpẹ́ ló ń dá. Ìwọ wá tilẹ̀kùn mọ́ ọpẹ́ ẹni."

"Ó dùn mí," ni bàbá wí. 

Lọ́jọ́ kejì, Elétí Ehoro jẹ́wọ́ fún ọ̀gá akọrin. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Elétí Ehoro kò fi ohun tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n gba ọmọ mẹ́fà, kò sí láàárín wọn.

Láàárín oṣù mẹ́ta náà, ó ń jókòó láàárín ìjọ. Ó ń rí ojú àwọn tó ń kọrin, èyí tí kò rí láti ìdí ẹ̀rọ. Ó wá yé e pé ohun tó dùn létí ẹni kọ́ la fi ń wọn ìsìn. Ẹni tí à ń sìn, ọkàn ló ń wò. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́ ìsìn ẹlòmíràn, ó ti jókòó sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀.

Egbò ìyá náà jinná. Àpá rẹ̀ kù níwájú orí, kò gùn ju ìka ọwọ́ kékeré lọ.