Ààlà Oko Àríyọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pè é nírọ́, bébà rẹ̀ wà ní Erinje títí dòní, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Lọ́dún 1996, Bùsọ́lá ń tún ẹ̀rọ tó ń fi gègé ya àwòrán ilẹ̀ ṣe ní ọ́fíìsì Benedict, ọ̀gá àwọn tó ń wọnlẹ̀ ní Òkìtìpupa. Benedict kò mọ̀ pé ọmọ Àríyọ̀ ni. Àríyọ̀ ará Erinje yìí ni Benedict hú pèrègún ààlà oko ọ̀pẹ rẹ̀, tó gba oko, tó kọ́lé sórí rẹ̀. Ìbànújẹ́ ló pa bàbá. Bùsọ́lá kò pariwo. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Mọ́tò ẹ̀rọ náà kì í yí bíi fáànù, ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀ ló ń rìn. Súwíìṣì wínníwínní ló ń sọ bí ìṣísẹ̀ kan yóò ti kéré tó. Ọ̀nà mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà mọ̀ pé wọ́n pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Bùsọ́lá rọra yí súwíìṣì kan, mọ́tò ń pín in sí mẹ́rìndínlógún. Ìlà yòówù tí gègé bá fà, ìdajì gígùn rẹ̀ ni yóò jẹ́. Lọ́la ni Benedict yóò gbé àwòrán oko náà lọ kóòtù, láti fi hàn pé tòun ni ilẹ̀. Ó wu Bùsọ́lá kí adájọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé.

"Ṣé ó ti dáa?" Benedict ló bèèrè.

"Ó ti dáa, sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀sán gangan ni. Mọ́tò tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kéré báyẹn kì í dún. Èyí dún. Ó ń dún bí ẹni tó ń tẹ imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ. Fáànù òkè dúró. NEPA ti mú iná lọ. Gègé ṣì ń rìn.

Ìlà náà kò dín. Ó gba etí odò, ó yà níbi tí Àríyọ̀ ti máa ń yà, ó ń to àmì kéékèèké sílẹ̀. Méje. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà.

"Kí nìyí?" Ohùn Benedict ti wọlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ iye pèrègún tí ẹ hú, sà."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Àríyọ̀."

Inú Bùsọ́lá dùn, ó sì ń bà á lẹ́rù pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Gègé wọ ilé Benedict, ó ya á ní yàrá-yàrá. Nígbà tó dé pálọ̀, ó fa onígun mẹ́rin tóóró kan, ó ń tún un fà títí bébà fi fẹ́ ya.

"Pa á."

"Kò síná tí mo fẹ́ pa, sà."

Bùsọ́lá mú rúlà. Ó wọ̀n ọ́n, ó ṣírò rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, méjì ààbọ̀ ní ìbú.

"Kí lo wọ̀n?" Benedict ti di ògiri mú.

"Ó gbà yín, sà."

Gègé gbéra. Ó sún díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kúrú díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, bí Bùsọ́lá ti kúrú díẹ̀ sí Benedict. Bùsọ́lá gbé rúlà sílẹ̀. Kò wọn ìyẹn.