Òrùka Kejìlélógójì

"Ta ló fi ọ̀kan kún un?"

"Kún kí ni, Màmá?"

"Wá wò ó. Wá kà á."

"Mo ti kà á. Méjìlélógójì ni."

"Mọ́kànlélógójì ni."

"Bóyá ẹ ṣì í kà tẹ́lẹ̀."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kà á. Ṣé ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣì í kà?"

Mo tún un kà lójú.

"Fọwọ́ kan èyí tó gbẹ̀yìn."

"Màmá..."

"Mo ní kí o fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní òpùrọ́, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i, ìka mi yìí ló kàn án. Ara mi ò gbóná lọ́jọ́ náà, mi ò sì mu nǹkan kan. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà níta, aṣọ wà lórí okùn. Bó ṣe rí gan-an ni màá ṣe sọ ọ́. Mi ò ní bù mọ́ ọn.

Iṣẹ́ bébà ni iṣẹ́ ilé wa. Orí tábìlì tí a fi ń jẹun ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, bí iléèwé kan bá ní àṣeyẹ, wọ́n á wá bá wa pé ká ṣe ẹ̀wọ̀n bébà tí wọ́n máa fi kọ́ sára ògiri. A ó gé bébà oríṣiríṣi àwọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. A ó ká ọ̀kan bí òrùka, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a ó ki òmíràn bọ inú rẹ̀, a ó tún lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gùn lọ. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, eré ọmọdé ni. Kí ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó wá sọ bí ìka ṣe ń rí.

Òfin kan péré ni Màmá ṣe: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni yóò parí rẹ̀. A kì í fi òrùka kún ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn. Ó ní ọwọ́ èèyàn dà bí ohùn rẹ̀, kò ṣeé yá lò. Òótọ́ ni. Kó òrùka mẹ́wàá síwájú mi, màá sọ ẹni tó ká ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló rọrùn jù láti mọ̀, nítorí ọwọ́ òsì ló ń lò. Níbi tí a ti lẹ bébà lé ara, etí tèmi àti ti Màmá máa ń kọjú sí ọ̀tún. Tirẹ̀ máa ń kọjú sí òsì. Tó bá lẹ̀ ẹ́ tán, á fi èékánná àtàǹpàkò fà á, ṣììì. Lẹ́yìn náà á fi oríkèé ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Kó, kó. Bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé. Bí a bá wà ní yàrá, kó kó yẹn la fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìyàwó ojú ọ̀nà kan kọ́ ẹ̀wọ̀n méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní wọn ò bára mu, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, ọ̀kan kọjú sọ́hùn-ún. Màmá mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé gbogbo òrùka ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lójú rẹ̀ àti lójú oníbàárà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn ká.

"Ọwọ́ rẹ yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́."

Ohun tí Màmá sọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó kàn wo ilẹ̀ tí bébà kún.

"Ó dáa. Ẹ ò ní rí ọwọ́ yìí nínú ilé yìí mọ́."

A rò pé inú ló ń bí i. Ó gbé báàgì kan, ó jáde. Kò kọ lẹ́tà, kò pè. A wá a títí bàtà fi jẹ. Ẹnì kan ní òun rí i ní ibùdókọ̀, ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Ẹ̀wọ̀n kan tó ń ṣe lọ́wọ́ wà lórí tábìlì, òrùka mọ́kànlélógójì. Màmá rọra kó o sínú páálí bàtà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ tó lọ bá pé, á gbé e sọ̀kalẹ̀, á kà á, á gbé e padà. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ohun tó fà á tó fi gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yìí, tí ọjọ́ ò tíì pé, ni Bàbá Kékeré. Àbúrò bàbá wa ni, télọ̀ ni, òun náà ló sì di olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní ọ̀fọ̀ tí kò lóòkú ń jẹ Màmá lára bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ní Sátidé, ẹbí máa péjọ sí pálọ̀ wa, wọ́n á gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi bí a ṣe ń gbà á fún ẹni tó ti kú, ọ̀rọ̀ á sì tán. Màmá ti gbà. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó kàn fẹ́ wo ẹ̀wọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Sátidé tó pé.

Ìgbà náà ló bá òrùka kejìlélógójì.

Àwọ̀ aró ni, aró tó jin. A ò ra bébà aláwọ̀ aró rí. Etí rẹ̀ kọjú sí òsì. Nígbà tí mo gbé e súnmọ́ imú, òjò ló ń run. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Oṣù mẹ́ta ni òjò ò ti rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó di mẹ́tàlélógójì.

Bàbá Kékeré dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ta ni ẹ ń fi bébà dẹ́rù bà?"

"Ọkọ mi, ẹ kà á fúnra yín."

Ó kà á. Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kọ́, Bàbá Kékeré."

"Ẹni méjì ló wà nínú ilé. Ọ̀kan ń sunkún. Ọwọ́ ta ni kí n mú?"

"Ẹ fún mi ní bébà. Ẹ jẹ́ kí n fi òsì ká a níwájú yín."

Mo fi òsì ká a. Ó wọ́, ó ṣù, gọ́ọ̀mù rin mí dé ọrùn ọwọ́. Bàbá Kékeré gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Èyí? Ajá ló jẹ ẹ́, ó sì pọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré tún wo òrùka aró méjèèjì, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ ni. Ó mọ ọwọ́ tó gún nígbà tó bá rí i.

"Ọ̀la," ó ní. "Ọ̀la, èmi náà á jókòó tì í."

Ọ̀la pé. A ṣí ìdérí páálí, a gbé e sí àárín tábìlì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí i ká, a gbọ́wọ́ lé orí tábìlì kí gbogbo ojú lè rí gbogbo ọwọ́.

"Ojú yìí," ni Bàbá Kékeré wí, "ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wo ihò abẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó máa gba iwájú rẹ̀ kọjá."



Fáànù ń yí. Rédíò aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ níta. Omi ń kán nínú kíṣìnì, tó, tó, tó. Bàbá Kékeré húkọ́. Wákàtí kan kọjá. Ẹ̀wọ̀n náà wà nínú páálí bí ejò tó sùn.

Lẹ́yìn náà, omi ò kán mọ́.

Mo gbọ́ pé kò kán mọ́. Rédíò dákẹ́. Fáànù ń yí, mò ń rí i tó ń yí, ṣùgbọ́n kò dún. Bí ìgbà tí gbogbo ilé bá di èémí mú. Òórùn òjò wọlé. Kọ́tìnnì gbéra sókè díẹ̀, ó sì balẹ̀.

Ṣììì.

A ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú kan náà ni, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó, kó.

Tábìlì gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ wa. Mo gbọ́ ọ nínú egungun ìka mi kí n tó gbọ́ ọ létí.

Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Rédíò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nínú páálí, mẹ́rìnlélógójì.

Bàbá Kékeré ṣí fìlà lórí. Ó gbé e lé orúnkún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ọmọdé ló ṣe sọ ọ́.

"Ìyàwó wa. Ṣé ẹni tó wà láyé ló ń ṣe èyí, àbí ẹni tí kò sí?"

"Mi ò bèèrè."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ọkọ mi, ẹ̀rù ti bà mí fún ọdún mọ́kànlá. Èyí kì í ṣe ẹ̀rù."

Ó tọ̀nà. Mo wo ara mi, mi ò gbọ̀n. Ohun tó wà lára mi dà bí ìgbà tí èèyàn bá dúró sí etí omi ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn ò lè gbé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá ṣe ohun tí mi ò rò pé ó lè ṣe. Ó jókòó sí tábìlì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ itan, ó jókòó lé e. Ó fi òsì mú sísọ́ọ̀sì.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ká ọ̀kan."

"Sí ẹ̀wọ̀n rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mo mọ ohun tí mo ní."

Sísọ́ọ̀sì ò gé. Ó ń ṣẹ́ bébà po lásán, kò gé e. Ó tẹ̀ ẹ́ gidi, irin rẹ̀ sì bù ú jẹ ní àtàǹpàkò. Màmá gbé e sílẹ̀, ó wo ojú ibi tó pọ́n lára rẹ̀.

"Sísọ́ọ̀sì yìí ò gba ọwọ́ òsì," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún."

"Èyí náà ló ń lò."

"Ẹyọ kan náà la ní."

"Kò sì sọ fún mi."

 Ó tún mú un. Bébà mẹ́sàn-án ló bàjẹ́. Ìkẹwàá gún díẹ̀. Ó ki í bọ òrùka aró tó gbẹ̀yìn, ó ká a, ó lẹ̀ ẹ́. Aláwọ̀ òféfèé ni, ó wọ́, gọ́ọ̀mù yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kọjú sí òsì. Ó fi ẹnu sún mọ́ páálí bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun tó sọ, mi ò gbọ́. Mi ò sì bi í.

Ọjọ́ Ẹtì. Bàbá Kékeré ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kò tilẹ̀ jẹun. Màmá ṣí páálí.

Kò sí òrùka tuntun.

 Mo wo ojú Màmá, mi ò sì fẹ́ wò ó mọ́. Bàbá Kékeré kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Márùndínláàádọ́ta, ti Màmá mọ́ ọn. Bó ṣe wà lánàá.

"Ẹ dúró," ni Màmá wí.

Ó gbé òrùka òféfèé náà sókè sí fèrèsé. Kò wọ́ mọ́. Ẹnì kan ti tú u, ó ti nu gọ́ọ̀mù tó yọ, ó ti tún un ká kó lè gún, ó sì ti tún un lẹ̀. Àmì èékánná wà níbi ìlẹ̀mọ́ náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

Màmá rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni mi ò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó tún un ṣe," ó ní. "Ó ní ọwọ́ mi ò dáa. Ó tún un ṣe fún mi!"

Ó ká ìka òsì rẹ̀. Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Kó, kó.

A dúró. Omi tó ń kán ní kíṣìnì dákẹ́. Òórùn òjò kún ilé.

Kó, kó.

Kì í ṣe lára tábìlì. Kì í ṣe lára ilẹ̀kùn. Mo ti wá ibi tó ti wá láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí i.

Bàbá Kékeré dìde. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ gún, ó wá bàtà rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́, kò wọ̀ ọ́.

"Ọ̀la ńkọ́, ọkọ mi?" ni Màmá bi í. "Àwọn ẹbí tó ń bọ̀?"

"Màá ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

 Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó kẹ́yìn sí wa.

"Tó bá tún kàn," ó ní, "ẹ bá mi kí i. Ẹ ní Bàbá Kékeré ní kó má bínú, òun ò tètè mọ̀ pé ó wà nílé."