Kámẹ́rà Tí Ràhmát Fi Ṣọ́ Nọ́ọ̀sì

Bí Ràhmát ṣe ń múra ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló rí àmì dúdú méjì lápá bàbá rẹ̀, Alhaji Sànúsí.

"Bàbá, ta ló lù yín?"

"Kò sẹ́ni tó lù mí."

Ràhmát ò gbà. Ta ló ń bá wọn jókòó látàárọ̀ dalẹ́ nínú ilé wọn ní Thomas Estate, bí kò ṣe Nọ́ọ̀sì Rẹ̀míláyọ̀ tí wọ́n gbà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá? Ó ti pẹ́ tára ti ń fu ú sí obìnrin náà.

Nọ́ọ̀sì náà dé, òun náà rí àmì ọ̀hún, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò. Wáfárìn tí wọ́n ń lò kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tó bá ti lágbára jù lára wọn, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sábẹ́ awọ, kódà nínú ikùn. Ṣé wọn ò lo oògùn mìíràn? Àgbo ńkọ́? Oògùn ara ríro ńkọ́?"

"Kò sí."

Lọ́kàn Ràhmát, owó ẹ̀yìn tí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò máa fún nọ́ọ̀sì ló ń wá, kò sì gbà kí wọ́n lọ. Ọjọ́ yẹn náà ló so kámẹ́rà sí yàrá Bàbá. Ìfura loògùn àgbà, àbí?

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, wọ́n sì dákú. Nọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ràhmát sáré débẹ̀, kò tiẹ̀ tíì wo fídíò tí kámẹ́rà ká sórí fóònù rẹ̀ tó fi nà án sí dókítà. "Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ń ṣe fún bàbá mi."

Dókítà wò ó. Nọ́ọ̀sì ka orúkọ oògùn, ó fún Bàbá ní hóró kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí lílù. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó dé, Ràhmát fúnra rẹ̀ ń wọlé, ó ń fún Bàbá ní kápúsù pupa méjì, ó sì ń fìka bo ẹnu pé kí wọ́n má sọ.

"Kí nìyí?" ni dókítà bi í.

Omi bọ́ lójú Ràhmát. "Ti orúnkún ni, sà. Kẹ́míìsì ni mo ti rà á. Mi ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé wa."

"Oògùn ara ríro yìí ló dá ikùn wọn lọ́gbẹ́, wáfárìn ò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dá."

Bàbá yè é, ṣùgbọ́n wọn ò lè dá dìde mọ́. Ràhmát bẹ Rẹ̀míláyọ̀ títí. "Mo ti dárí jì yín, Àǹtí," ló wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń parọ́ oògùn fún mi." Kò padà wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi wáfárìn, nílé, ẹ má fi oògùn kankan pa mọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ì báà ṣe àgbo. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Ẹ má dá wáfárìn náà dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Tí ara bá dédé ní àmì dúdú, tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má wulẹ̀ lọ ra kámẹ́rà.