Ìkànnì Tó Ní Ilé Màmá Eveling Ò Sí

"Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu láti àárọ̀!"

Norlan ló sọ bẹ́ẹ̀, ó na ẹsẹ̀ lẹ́yìn káńtà ilé oògùn rẹ̀ ní Managua. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, fóònù kò ní jẹ́ kó ráyè mu kọfí. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti ní ìkànnì tuntun lórí ayélujára. Ervin, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ṣe é. Ervin ní kí wọ́n má fi nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, pé ilé iṣẹ́ ńlá kì í jókòó gba ìpè. Norlan bá pa fóònù, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ fún mọ̀lẹ́bí pé ẹni tó bá fẹ́ oògùn, ìkànnì ni kó gbà.

Ojú Xiomara, ìyàwó rẹ̀, kò dán. "Norlan, ìdákẹ́jẹ́ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn o. A ò tíì ta nǹkan kan. Àbí gbogbo aláìsàn Managua ló gbádùn lẹ́ẹ̀kan náà ni?"

"Ìwọ náà! Wọ́n ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni."

Irọ́ ńlá. Wọn ò rí ọ̀nà wọlé ni.

Ní àkókò yẹn gan-an, Màmá Eveling, ẹ̀gbọ́n ìyá Norlan tó tọ́ ọ dàgbà, ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga nílé. Ikọ́ fée rẹ̀ ti gbé e dìde, oògùn tó máa ń fín sẹ́nu sì ti tán. Òun àti Yaritza ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Yaritza ò lè fi í sílẹ̀, ó bá ṣí ìkànnì Norlan lórí fóònù.

Fídíò ọmọge kan tó ń rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ jáde. Ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Nígbà tó ṣí tán, lẹ́tà ibẹ̀ rí tín-ín-tín. Yaritza fojú wá ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, ó kọ ọ́ bí gbogbo wa ní Managua ṣe ń kọ ọ́: láti ibi tí ilé sinimá wà tẹ́lẹ̀, ìkóríta méjì sí apá adágún odò, géètì aláwọ̀ ewé. Ilẹ̀ tó mì ti wó ilé sinimá yẹn kí wọ́n tó bí Yaritza, síbẹ̀ kò sí ọlọ́kadà tó máa ṣìnà débẹ̀.

Ìkànnì fi lẹ́tà pupa dá a lóhùn: "Àdírẹ́sì yìí kò sí." Ó pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé ló ń béèrè.

"Nọ́ńbà wo? Ta ló ní nọ́ńbà níbí?"

"Yaritza… ṣé wọ́n… ti ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀, Màmá." Ó tún un kọ, ìkànnì tún kọ̀. Ó pe Norlan, àmọ́ fóònù tiẹ̀ wà ní pípa. Nígbà tó rí i pé ètè Màmá ti ń dúdú, ó figbe ta sí Don Chepe, aládùúgbò wọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì gbé Màmá sínú rẹ̀.

Níwájú ilé oògùn, Yaritza bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa oògùn yọ lórí pẹpẹ, ó ju fóònù rẹ̀ lu Norlan láyà.

"Bùrọ̀dá, ẹ kà á! Ẹ ti fẹ́ pa ìyá mi!"

Norlan kà á. Òun àti Xiomara sáré bọ́ sínú ọkọ̀ ti Màmá, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó na fóònù náà sí Ervin tó sáré wá bá wọn. "Gbà. Ra oògùn, kí wọ́n gbé e wá sílé tìẹ."

Ervin kọ, ìkànnì pa á rẹ́, ó tún kọ. "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe wà nílùú òyìnbó tí mo ti ra àwòṣe rẹ̀ náà nìyẹn…"

"Oníbàárà wa wo ló ń gbé nílùú òyìnbó?" Xiomara ló já lu ọ̀rọ̀ náà. "Fi àyè sílẹ̀ kí kálukú júwe ilé ẹ̀ bó ṣe ń júwe ẹ̀ fún ọlọ́kadà. Nọ́ńbà fóònù, òkè pátápátá ni kó wà. Yọ fídíò yẹn, ó ń jẹ dátà. Jẹ́ kí lẹ́tà tóbi. Béèyàn bá ṣì í kọ, kó sọ ibi tó ti ṣì í, kó má pa iṣẹ́ ẹni rẹ́! Ta lẹ tiẹ̀ ní kó dán an wò?"

Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ.

Dókítà ní Màmá ò ní kú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fara gbá a, kò ní lè dá rìn jìnnà mọ́. Norlan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọ́n ní ìkànnì ẹ sọ pé ilé mi ò sí. Norlan, ilé tí mo ti tọ́ ẹ?"

Norlan bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó ṣí ìkànnì fún aráyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún àgbàlagbà kan, lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ pa ẹnu yín mọ́, kí ẹ máa wo ìka rẹ̀. Ibi tó bá ti há, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, torí kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ní aládùúgbò tó ní ọkọ̀.