Ìka Tí Kò Gbọ́ràn

Fèrèsé òkè, lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ni nọ́ọ̀sì kan ti kọ́kọ́ rí i láti òpópónà. Ọkùnrin kan jókòó sétí àga, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré, ó gbé gìtá sáyà bí ẹni gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ ló tẹjú mọ́, bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó ta orin díẹ̀, ó dúró. Ó tún un ta, ó tún dúró.

Ọ̀sán ni. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ bọ̀, búrẹ́dì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń ro ó, ṣùgbọ́n kò lè kọjá. Orin náà ń gòkè lọ síbì kan, kò sì débẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ parí ẹ̀. Mo fẹ́ relé."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo búrẹ́dì. "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n débẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ 'Olùkọ́ Gìtá' sára ilẹ̀kùn?"

"Àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń kọ́. Wọn kì í bèèrè ìparí."

"Ẹ kọ́ èmi náà nígbà náà. Èmi á máa bèèrè."

Ìdí obìnrin yìí kì í gbélẹ̀. A máa gbé omi tíì kúrò lórí iná kó tó hó. A máa dé ibùdókọ̀ ṣáájú ọkọ̀, a sì tún máa fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ìjì làwọn aláìsàn ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ yan gìtá, tí wọ́n ń ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìrẹsì, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà wo èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn tó ń ta irú gìtá yìí a máa dá èékánná sí, wọn a máa rẹ́ ẹ kó lè jọ̀lọ̀, kí wọ́n lè fi ta okùn.

"Ilé ìwòsàn ò ní gbà fún mi o," nọ́ọ̀sì wí. "A kì í dá a sí."

"Ẹ fi ẹran ìka ta á. Ohùn rẹ̀ á rọ̀. Ẹ ju ejìká sílẹ̀, ó ti gòkè débi etí."

"Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn tí mo bá fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ nìyẹn. Wọn kì í sì í gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, okùn lásán ló ń ta: àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín, ìka òrùka. Aago kékeré kan wà lórí tábìlì tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, kí olórin lè mọ ìwọ̀n ìrìn rẹ̀. Ìgbà gbogbo ni nọ́ọ̀sì ń ṣáájú aago.

"Aago yẹn ló ń fà sẹ́yìn," ó wí.

"Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́ ló ń rìn."

"Ẹ má sáà sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò tíì pàdé bàbá ọ̀hún rí."

Tíṣà kì í sábà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó rẹ́rìn-ín débi pé ó dìde lọ ṣí fèrèsé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń wá. Tíṣà kọ́ ọ kó má tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá bí ẹni ń pa kòkòrò, kó tẹ̀ ẹ́ ní tòsí irin tó dábùú ọrùn náà, níwọ̀n tí ohùn á fi jáde. Ó kọ́ ọ bí ìka kan ṣe ń sinmi nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Orí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ le, débi tí aláìsàn kan fi bi í pé ṣé ó ń ṣe bíríkìlà kún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni.

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, ó ta orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣáájú aago lẹ́ẹ̀kan.

"O ti ta á," ni tíṣà wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé 'o' lòun lò.

"Tún un sọ," nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́.

"O ti ta á, Ìjì."

Láti ọjọ́ náà, kò sí 'ẹ' láàárín wọn mọ́.

Bàbá nọ́ọ̀sì ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mú tíṣà wá sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò fẹ́, tòun ti gìtá, bàbá nàka sí gìtá náà. "Iṣẹ́ tí mi ò bá fojú rí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ta á ká gbọ́."

Ojú tíṣà yí padà. Ó fi gìtá ti ara àga. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe lónìí."

"Ṣé yàrá mi ò tó ibi tí wọ́n ti ń ta á ni?"

Tíṣà dìde. Ó dúpẹ́ tíì tí kò tíì mu tán, ó sì jáde.

Nọ́ọ̀sì bá a lójú títì. "O dójú tì mí níwájú bàbá mi."

Tíṣà na ọwọ́ ọ̀tún sáfẹ́fẹ́, ó ń mi àwọn ìka bí ẹni ń ta okùn. Ìka òrùka ká wọ àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀, kò jáde. "Ọdún mẹ́ta rèé. Gbọ̀ngàn ńláńlá ni mo ti ń ta gìtá tẹ́lẹ̀. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe egungun, kò sóhun tó ṣe iṣan. Ọpọlọ ló ń rán ìka níṣẹ́ òdì. Bí mo bá ń rọra ta tọmọdé, kò hàn. Bí àgbà bá ní kí n ta á, ó di ìtìjú."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń jókòó tì ọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ọ́ ni. Mi ò fẹ́ di aláìsàn rẹ." Ó wo ilẹ̀. "Wá olùkọ́ míì. Wá ọkọ míì pẹ̀lú."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ò rójú ráyè. Ó gbé oúnjẹ aláìsàn kan fún òmíràn. Á jókòó, á dìde, á tún jókòó. Ó ń gba òpópónà ọlọ́bàtà lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀, fèrèsé òkè wà ní títì. Inú ń bí i sí ọkùnrin náà, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́, kò mọ èyí tóun ì bá kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Níkẹyìn, ó lọ bá obìnrin tó ń tọ́jú ọwọ́ àwọn tó rọ lápá nílé ìwòsàn wọn. Obìnrin náà ní òun ti rí irú rẹ̀. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ́n rọra ń lọ débi pé ọpọlọ gbàgbé àṣà burúkú. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn. Kò sí ẹni tó lè búra.

Nọ́ọ̀sì sáré gun àtẹ̀gùn, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Gbé gìtá. Àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, àárín, òrùka. Ka ení dé ẹ̀rin láàárín ìró kan sí èkejì."

"Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn."

"Òun náà ni."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ mi? Ìwọ Ìjì?"

"Èmi."

Oṣù méje ni nọ́ọ̀sì fi jókòó tì í. Ẹsẹ̀ ń yún un, ó ń jẹ ètè mọ́nú, àmọ́ kò dìde. Ìgbà tí tíṣà bá fẹ́ sáré, òun ló ń dá a dúró. Ìgbà tó bá bínú tó ti gìtá sẹ́yìn, á bù tíì fún un, á ní, "Ó yá, olówó orí mi, àtàǹpàkò." Ọjọ́ mìíràn ìka náà á gbọ́ràn fún wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì, á tún ká.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù níbi iṣẹ́. "Tíṣà rẹ wà nílé wa o. Òun nìkan ló wá, ó sì gbé gìtá dání."

Bó ti wọ aṣọ iṣẹ́ náà ló ṣe dé ilé. Tíṣà jókòó sí iwájú bàbá, orin táwọn ọmọ iléèwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ló ń ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìka ká. Ó dúró, ó fi ọwọ́ òsì nà án jáde bí ẹni ń jí ọmọ, ó ń bá orin lọ. Ó ta á tán.

"Ìka wo ni?" ni bàbá bi í.

Ó fi hàn án, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́.

Bàbá di ìka náà mú, ó ń wò ó. "Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ti ń jọ ara wọn lójú mi. Oṣù méjì ni mo fi pa á mọ́, èrò sì kún ẹ̀yìn mi. Ìyàwó mi ló lọ sọ fún ọ̀gá mi. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni," ni ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Bàbá jọ̀wọ́ ìka náà. "Ìwọ fẹsẹ̀ ara rẹ wá sọ tìẹ. Mi ò lóhun tí mo fẹ́ bi ọ́ mọ́."

Tíṣà yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Mi ò mọ̀ bóyá yóò gbọ́ràn tán láéláé. Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Ẹni tó máa ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí kọ́kọ́ fa àga. Ó jókòó tì í, ó mí kanlẹ̀.

"Mo fẹ́ ọ," ó wí. "Mi ò sì ní lè dúró di ọdún tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ wo?" ni bàbá bèèrè.

"Ọjọ́bọ̀. Mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà fún wọn ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta sí i. Nígbà tí akọ̀wé gbé ìwé ìgbéyàwó síwájú ọkọ, tí ìyẹn mú bírò, ìka òrùka rẹ̀ ká wọnú. Akọ̀wé náà ń wo aago. Ìyàwó kò tiẹ̀ bojú wo aago. Ó fi ọwọ́ bo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ìwé, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ títí ìka náà fi nà.