Ìró Keje Tó Máa Ń Pẹ́

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ojú mi ló ṣe. Mi ò bù mọ́ ọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni. Àbúrò mi jókòó sídìí tábìlì, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ìyá wa ń fọ abọ́ ní kíṣíìnì. Ayùn oníná ti gé ìka kan lọ́wọ́ òsì àbúrò mi nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ ní Mẹ́sàn-án.

"Mẹ́sàn-án, o tún pẹ́ níbẹ̀ yẹn," mo ní.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ìka yín pé mẹ́wàá, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín láti kíṣíìnì.

Iṣẹ́ wa ni láti dán àpótí kékeré kan wò, èyí tí àwọn olórin ń pè ní síkúẹ́ńsà. Kò ní ohùn tirẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ló ń rántí: ìró wo, ìgbà wo, pẹ̀lú agbára tó mélòó. Á wá gba inú wáyà sọ fún kíbọ́ọ̀dù kó dún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń fi sọ́fúwíà tí wọn ò tíì ṣe tán ránṣẹ́ sí wa, àwa á sì wá àléébù rẹ̀. Kí a tó fi tuntun sí i, a ó pa gbogbo ohun tó rántí rẹ́. Bó bá wọlé tán, a ó fi í sílẹ̀ lófìfo fún wákàtí kan. Ohunkóhun tó bá dún láàárín wákàtí náà, àléébù ni.

Orin tí ìyá wa máa ń fi imú kọ bó bá ń fọ abọ́ ni àbúrò mi ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìró méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti tẹ ogún nígbà tí ìyá wa ké pé ọṣẹ ti tán.

Ó dìde. "Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Mo ń bọ̀ wá parí ẹ̀."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a pa ní ìkòríta.

Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà pè mí. Obìnrin ni. Lórí fóònù nìkan la ti mọra, kò sì mọ àbúrò mi rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè."

Sọ́fúwíà àtijọ́ ò lè da ohun tó rántí kọ síbòmíràn. Àléébù tí àbúrò mi rí gbẹ̀yìn nìyẹn, òun náà ni tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí sì wá tún ṣe. Bí mo bá fi í sí i, ogún ìró yẹn lọ nìyẹn. Mo gba orin náà sórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣe ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú àpótí yẹn: ìró keje tó máa ń pẹ́, nítorí pé ìka tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ kò sí.

Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ kó já sófo. Mo pa á rẹ́. Mo fi tuntun sí i. Ojú àpótí náà kọ òdo.

Mo jókòó. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá wa ń fọ abọ́. Kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Omi nìkan ló ń dún. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wákàtí pé.

Omi dákẹ́.

Iná pupa kékeré ṣẹ́jú. Kíbọ́ọ̀dù dún. Ìró kan. Òmíràn. Mo ń kà á láìmọ̀. Ó dé ìkẹfà, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń nawọ́. Ìkeje.

Ó dé ogún. Ó tẹ ìkọkànlélógún. Ó dákẹ́.

"Mẹ́sàn-án ti dé ni?" Ìyá wa ló béèrè láti kíṣíìnì.

Mo gbọ́ tí abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo da ohun tó wà nínú àpótí náà kọ, mo fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà. Ó pè padà. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ kì í ṣe báyìí. Agbára ìró kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ìkeje sì ń pẹ́, bí ìgbà téèyàn ń na ìka mìíràn débẹ̀."

Mi ò sọ̀rọ̀ ìka àbúrò mi fún un rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tẹ méjìlélógún. Ọjọ́ kẹta, mẹ́tàlélógún. Lọ́jọ́ kẹjọ, káàdì kékeré kan tí wọ́n kó sọ́fúwíà mìíràn sí dé láti ilé iṣẹ́.

"Ẹ fi í sí i," ni ẹnjiníà wí. "Á dákẹ́."

"Kí lẹ rí?"

"A ò rí nǹkan kan. Ibi tó ń gbà wọlé la kàn tì."

Mo mú káàdì náà lọ bá ìyá wa. Ó ti gbé àga wá sídìí tábìlì, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n fi í sí i?"

Ó wo kíbọ́ọ̀dù, kò wo èmi.

"Sọ fún un kó má kánjú," ó ní. "Ọṣẹ wà nílé."

Àná, ó tẹ ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Káàdì náà wà nínú dúrọ́ọ̀. Àpótí náà wà lórí tábìlì, mi ò pa á. Ìró kan ló kù.