Kẹ́ẹ̀gì Tó Ń Rùn Bíi Kẹrosíìnì

Nígbà òjò, kò sí igi gbígbẹ létí odò Yewa. Ẹni tó bá lọ pẹja àrọ̀ níbẹ̀, tó sì fẹ́ jẹ oúnjẹ gbígbóná, èéfín ni yóò kọ́kọ́ mu yó. Ohun tó mú kí Ṣàíbù, àgbẹ̀ ará Ìlobì, pinnu láti ra sítóòfù nìyẹn. Òun àti Fágbénró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dẹ àwọ̀n, ni wọ́n lọ sí ọjà Ìlaròó.

Ọlọ́jà kọ́kọ́ gbé sítóòfù olówùú kan kalẹ̀ fún wọn, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tó dúró digbí bí àga. Fágbénró fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní sítóòfù ìyálé nìyẹn, ta ni yóò ru ú gba inú ẹrẹ̀? Onípọ́ǹpù ló wu òun, nítorí iná rẹ̀ yára. Ṣàíbù ní bí ihò rẹ̀ bá dí létí odò, ta ni yóò bá àwọn gún un? Níkẹyìn wọ́n mú olówùú kékeré kan tó fúyẹ́, tí ìdí rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ìdérí ojú epo rẹ̀ kò mú dáadáa, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ní kò sí wàhálà, kí wọ́n fi ọ̀rá dí i.

Hùmúàní, ìyàwó Ṣàíbù, kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé èéfín kò ní máa ba ojú ọkọ òun jẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, kẹrosíìnì tó wà nínú ìgò Hùmúàní kún inú sítóòfù náà, kò sì ṣẹ́ kù. Kẹrosíìnì ti di ọ̀wọ́n lákòókò náà. Ṣàíbù bọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó rí kẹ́ẹ̀gì kan lábẹ́ páànù. Ti Mùnírù ni, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, ṣùgbọ́n Mùnírù ti gbé alùpùpù lọ sí Ayétòrò. Ṣàíbù gbóòórùn ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì gbé e sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ kí òun náà gbọ́ ọ.

“Kẹrosíìnì ni,” Hùmúàní wí.

“Bá mi sọ fún Mùnírù pé mo yá a,” Ṣàíbù wí.

Hùmúàní fúnra rẹ̀ ló bá ọkọ rẹ̀ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, Hùmúàní ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Mùnírù dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ṣé gààrí nìkan ni gbogbo àwọn yóò máa jẹ títí òjò yóò fi dá. Ó wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Nígbà tó padà jáde, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Ìyàwó, ta ló gbé kẹ́ẹ̀gì mi?”

Hùmúàní bá Mùnírù nílé ọkọ, nítorí náà kì í pè é lórúkọ. “Ọkọ mi kékeré, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n yín ló yá kẹrosíìnì yín lọ sódò.”

Mùnírù fara ti ògiri. “Kì í ṣe kẹrosíìnì.”

“Àwa méjèèjì la gbóòórùn rẹ̀.”

“Ẹnu kẹ́ẹ̀gì lẹ gbọ́.”

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́, ó ń wolẹ̀. Bẹntiróòlù lòun ń gbé gba ọ̀nà igbó lẹ́yìn Ìhunbọ, tí òun ń tà fún àwọn tó ń gbé e dé Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ẹnubodè. Àwọn aṣọ́bodè kì í sábà yọ ẹni tó bá gbé kẹrosíìnì ilé lẹ́nu. Nítorí náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, wọn á fi nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì àti ara rẹ̀, wọn á sì da díẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá gbé imú sí i, kẹrosíìnì ni yóò gbọ́. Bẹntiróòlù ló kún inú rẹ̀.

Hùmúàní rò ó. Epo inú ìgò òun ni wọ́n fi se oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ se ti alẹ́, wọ́n á kọjú sí kẹ́ẹ̀gì. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ gbé mi lọ,” ó wí.

Kò gun alùpùpù rí. Ó di Mùnírù mú látẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ń ta sí i lára, ohun kan ṣoṣo ló sì ń yí lọ́kàn rẹ̀: ẹnu òun lòun fi sọ fún ọkọ òun pé kẹrosíìnì ni. Níbi tí ọ̀nà ti dópin, wọ́n fi alùpùpù sílẹ̀, wọ́n sáré.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wà lábẹ́ àgọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Iná sítóòfù ti ń rẹlẹ̀. Ìṣáná wọn ti tutù, nítorí náà wọn kò fẹ́ pa iná kí wọ́n tó rọ epo, kí wọ́n má baà rí i tàn mọ́. Ṣàíbù fi ọwọ́ kan di sítóòfù mú kó má baà dojú dé nínú ẹrẹ̀. Fágbénró ti ń tẹ kẹ́ẹ̀gì sí i.

“Ẹ má dà á,” Hùmúàní kígbe. “Bẹntiróòlù ni.”

Fágbénró fa kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ti kán sílẹ̀. Iná náà fò sókè. Ó mú apá aṣọ Ṣàíbù, ó sì mú imọ̀ ọ̀pẹ. Fágbénró gbé kẹ́ẹ̀gì sá jáde, ó sì ń wá igbá tí yóò fi bu omi. Mùnírù ní kó má da omi sí i, pé omi yóò gbé epo oníná káàkiri. Òun fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì bu yanrìn odò lé sítóòfù náà. Fágbénró wá fa imọ̀ tó ń jó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Hùmúàní rí àpò ìdọ̀họ tútù tí wọ́n fi bo ẹja. Ó fà á yọ, ó fi wé apá ọkọ rẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn títí iná fi kú.

Fágbénró gbé epo pupa wá pé kí àwọn fi ra ojú ibẹ̀. Ṣàíbù ní omi ni kí wọ́n dà sí òun. Omi mímu wọn ni Hùmúàní ń rọra dà sí i títí ó fi tán nínú ìkòkò.

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Yéjídé bi wọ́n pé irú iná wo ni. Hùmúàní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè gbé Mùnírù dé àtìmọ́lé, ó sì dákẹ́ fún un.

Mùnírù ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. “Tèmi ni epo náà. Bẹntiróòlù ni. Mo fi kẹrosíìnì pa á lára kí àwọn aṣọ́bodè má baà mọ̀.”

“Èmi kì í ṣe aṣọ́bodè,” Nọ́ọ̀sì wí. “Awọ ara èèyàn niṣẹ́ tèmi. O ṣeun tí o sọ ọ́.”

Bó ṣe ń wẹ ojú egbò náà, ó ń yìn wọ́n pé omi ni wọ́n dà sí i. Epo pupa ìbá sé ooru mọ́ inú ẹran ara, ìdọ̀tí ìbá sì bá a wọlé.

“Èmi ni mo sọ fún un pé kẹrosíìnì ni,” Hùmúàní wí.

“Màmá, imú yín kò ṣì í. Kẹrosíìnì lẹ gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò sí imú tó lè mọ̀ ọ́n.”

Fágbénró bèèrè bóyá kí àwọn kúkú ju sítóòfù nù. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má padà sínú èéfín nítorí ìyẹn. Ṣàíbù gbójú sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. “Fágbénró, sítóòfù ìyálé la máa rà. Ìwọ lo sì máa rù ú.”

Apá Ṣàíbù jinná, ṣùgbọ́n awọ ìgúnpá rẹ̀ súnkì, kò lè ju àwọ̀n jìnnà mọ́. Fágbénró ló ń jù ú báyìí, Ṣàíbù ń tu ọkọ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń pẹja, sítóòfù tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wúwo, kí ìdérí ojú epo rẹ̀ sì mú ṣinṣin. Ẹ rí i pé òwú rẹ̀ pé, kò sì sí àyè láàárín òwú àti ihò rẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní gbangba ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi tàbí abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ má sì sùn tì í nínú àgọ́ tí ẹ ti sé. Bí epo bá fẹ́ tán, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó rọ òmíràn. Ẹ wé ìṣáná yín sínú ọ̀rá kí òjò má baà sọ yín di ẹni tó ń rọ epo síná.

Kẹ́ẹ̀gì tí bẹntiróòlù ti wọ̀ rí, ẹ má fi ra kẹrosíìnì, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ tí ẹ sá a sóòrùn. Epo tí ẹ kò bá mọ orísun rẹ̀, oúnjẹ tútù sàn jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé epo gba ẹnubodè, ẹ mọ̀ pé òfin kò gbà á. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Aṣọ́bodè tí ẹ fi òórùn tàn jẹ yóò bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé yín ni yóò ṣáná sí i.